Tòkúnbọ̀ ThinkPad àbí MacBook Air? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ ra kọ̀ǹpútà alágbèéká ní Ògbómọ̀ṣọ́

Àbúrò mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ LAUTECH. Bàbá rẹ̀ ta káṣú, ó sì ya owó kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Ọmọ náà wá bá mi nílé ní Under G, kò tíì jókòó tó fi ní, "Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló dára jù nínú gbogbo ẹ̀?" Mo bi í pé, "Níbi tí o gba yàrá sí yẹn, ìgbà wo ni wọ́n máa ń múná wá?" Ó wò mí bí ẹni pé mo ń bá a ṣàwàdà. Core i5 àti Core i7, orúkọ chip tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ló retí kí n máa sọ.

Mi ò bá a ṣàwàdà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó ẹ̀rọ jọ. Ìyàwó mi máa ń sọ pé kọ̀ǹpútà ti pọ̀ ju ìkòkò lọ nílé wa, kò sì parọ́. Ohun tí gbogbo wọn ti kọ́ mi ni pé ní ìlú tiwa níbí, bí ẹ̀rọ ṣe ń jẹun ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, ká tó wá wo bó ṣe ń sáré. Iná mélòó ló lè gbà sínú? Báwo ló ṣe ń ná an? Kí la lè fi bọ́ ọ nígbà tí Nẹ́pà bá ti mú iná lọ? Ẹ̀rọ tó ń sáré bí ìjì, tó wá kú ní aago mẹ́jọ alẹ́ nígbà tí iṣẹ́ tí olùkọ́ fẹ́ gbà láàárọ̀ kò tíì dé ìdajì, kí la fẹ́ fi eré rẹ̀ ṣe?

Nọ́ńbà kan wà tí àwọn tó ń tajà kì í sábà mẹ́nu bà. Ẹ dojú ẹ̀rọ náà bolẹ̀, tàbí kí ẹ wo ara bátìrì rẹ̀, ẹ ó rí ibi tí wọ́n kọ Wh sí. Ẹ fi Wh ṣe omi tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ fi wáàtì ṣe bí omi náà ṣe ń yára jáde lẹ́nu ẹ̀rọ omi rẹ̀. Bí dúrọ́ọ̀mù bá jẹ́ 50Wh, tí ẹ̀rọ ń jẹ wáàtì 10, wákàtí 5 ni. Bó bá jẹ́ wáàtì 5 péré ló ń jẹ, wákàtí 10 ni, dúrọ́ọ̀mù kan náà. Ẹ má gbàgbé ìṣirò yìí, torí òun ni mo máa fi wọn gbogbo ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀.

ThinkPad T480: arúgbó tó ṣì ń roko

Ọdún 2018 ni Lenovo gbé e jáde. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá lókè òkun ló rà á lọ́pọ̀ yanturu fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n lò ó tán, wọ́n dà á sójú ọjà, ó di tòkúnbọ̀ ní Computer Village n'Íkẹjà, ibẹ̀ ló ti ń gba ọ̀nà Ìbàdàn bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Kò lẹ́wà. Ó dúdú, ó nípọn, igun rẹ̀ mú bíi ti àpótí. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ MacBook, ẹ ó rò pé ìran méjì ni wọ́n.

Ṣùgbọ́n bátìrì méjì ló ní. Ọ̀kan wà nínú, 24Wh. Èkejì wà lẹ́yìn, ọwọ́ lásán lẹ máa fi yọ ọ́. Oríṣi mẹ́ta ni ti ẹ̀yìn yìí: 24, 48 àti 72Wh. Ẹni tó bá fi 72 sí i, 96Wh ló gbé dání yẹn. Tèmi, bí mo bá ń tẹ̀wé tí mo sì dín ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kù, ó máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 7 sí 8. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Ti ẹ̀yìn ló máa ń kọ́kọ́ jẹ tán kó tó fọwọ́ kan ti inú, kí ẹ lè yọ èyí tó ti gbẹ, kí ẹ sì ti òmíràn bọ ibẹ̀ láìpa ẹ̀rọ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ìyá tó jókòó tì mí pariwo pé, "Ọmọ mi, o ti bà á jẹ́!"

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ràn lára rẹ̀ ni pé ó gba àtúnṣe. Ihò méjì ló wà fún RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), SSD rẹ̀ (ibi tó ń pa fáìlì mọ́ sí) ṣeé pààrọ̀, kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ náà ṣeé pààrọ̀. RAM 8GB ló wà nínú tèmi nígbà tí mo rà á. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tówó wọlé, mo fi 8 mìíràn kún un. Ẹni tí kò lówó gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, tó fẹ́ máa kọ́ ilé rẹ̀ ní yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ rẹ̀ nìyẹn.

Ó ní àléébù o. Ojú rẹ̀ ṣú. Ẹ gbé e jókòó síta lábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án, òjìji ara yín lẹ máa rí níbẹ̀. Fáànù wà nínú rẹ̀, tí ọyẹ́ bá sì dé, fáànù yìí a máa fa eruku pupa mu bí ẹni mu tábà. Lọ́dọọdún ni mo máa ń ṣí ìdí tèmi ní oṣù kẹta láti gbọn eruku kúrò. Bátìrì 72 náà sì wúwo, ó tún yọ gègè sísàlẹ̀, ẹ̀rọ a wá dagun bí ẹni tó jókòó lórí àpótí. Àwọn kan kórìíra rẹ̀. Èmi gbádùn rẹ̀, torí ó jẹ́ kí atẹ́gùn rí ọ̀nà gbà lábẹ́.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń jìn sí kòtò ni T470. Ó jọ T480 bí ìbejì, owó rẹ̀ sì máa ń rọjú jù ú lọ. Àmọ́ chip Intel ìran kẹfà tàbí ìkeje ló wà nínú T470, bẹ́ẹ̀ ìran kẹjọ ni Windows 11 ti bẹ̀rẹ̀ sí gbà. Microsoft sì ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ chip hàn yín lójú ẹ̀rọ gan-an: bí ẹ bá rí i5-8250U tàbí 8350U, ẹ máa bá ọjà lọ. Bí ẹ bá rí i5-7200U tàbí 7300U, ẹ kí wọn pé ẹ ó padà wá.

MacBook Air M1: ẹni tí kì í jẹun púpọ̀

Oṣù kọkànlá ọdún 2020 ni Apple gbé e jáde, òun sì ni Air àkọ́kọ́ tí wọ́n fi chip tiwọn sí dípò ti Intel. Bátìrì rẹ̀ kò ju 49.9Wh lọ, díẹ̀ ló fi ju ìdajì ti T480 mi. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà yẹn nìkan máa ní kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n òǹgbẹ kì í gbẹ ẹ̀rọ yìí. Apple sọ pé wákàtí 15 ló lè fi wo íntánẹ́ẹ̀tì. Wọn kì í sábà bá wa lálejò níbi tí ojú ọjọ́ gbóná báyìí, nítorí náà mo yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ ó ṣì ju ọjọ́ iṣẹ́ kan lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ni èyí tí mo lò. Ìgbéyàwó ló ń ya fọ́tò wọn, láti Takie títí dé Ìlọrin. Ní Sátidé yóò ya àwòrán, ní Sátidé náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í yan èyí tó dára nínú ọkọ̀, ní Sọ́ńdè lẹ́yìn ìsìn yóò parí rẹ̀, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé kò fi ṣájà kàn án láàárín. Mo yá a lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀. Kò ní fáànù rárá. Kò sí ihò tí eruku ọyẹ́ máa gbà wọ inú rẹ̀ lọ bíi ti ThinkPad. Kìlógíráàmù 1.29 péré ni, mo máa ń yẹ àpò mi wò lójú ọ̀nà bóyá mo ti gbàgbé rẹ̀ sílé.

Ojú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ ká fi wé ti T480, ìjà kò dọ́gba.

Àmọ́ bí wọ́n ṣe dá a nílé ọmọ ló máa ṣe dàgbà. RAM àti ibi ìpamọ́ rẹ̀, wọ́n ti jó o mọ́ ọn. 8GB tí ẹ bá rà lónìí, 8GB náà ni títí ayé. Ihò USB-C méjì péré ló ní, apá òsì ni méjèèjì wà, ẹni tó ń lo fúláàṣì tàbí pírọ́jẹ́kítọ̀ gbọ́dọ̀ ra ohun àsopọ̀ kan mọ́ ọn. Ojú ẹ̀rọ àti bèbè rẹ̀ sún mọ́ra gan-an: hóró iyanrìn kan, tàbí ìdérí kámẹ́rà tó nípọn, tí ẹ bá pa ẹ̀rọ dé lé e, ojú lè sán. Apple fúnra wọn kìlọ̀ nípa ìdérí kámẹ́rà yẹn. Tí ojú náà bá sì sán, ẹ mú ọkàn le kí ẹ tó béèrè iye àtúnṣe rẹ̀.

Tí a bá tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Ká ní wọ́n mú iná wá fún wákàtí méjì, wọ́n tún gbà á padà, irú èyí tí gbogbo wa mọ̀. Ṣájà wáàtì 30 ti Air á ti kún un dé ibi tó dára láàárín wákàtí méjì yẹn, iṣẹ́ ọjọ́ kan sì ti délẹ̀. T480 pẹ̀lú ṣájà wáàtì 65 lè mu púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó tún ń ná púpọ̀. Bí iná bá ṣe kéré tó ni Air ṣe ń borí.

Ẹ wá yí i padà: iná kò dé fún ọjọ́ mẹ́ta. Páwà báńkì 20,000mAh jẹ́ nǹkan bíi 74Wh, ẹ yọ èyí tó ń sọnù lójú ọ̀nà kúrò, ó lè kún Air lẹ́ẹ̀kan, kó sì ku díẹ̀ fún fóònù. Kò lè kún T480 tó ní bátìrì 96. Ṣùgbọ́n oní-T480 lè ní bátìrì ẹ̀yìn mìíràn nínú àpò, èyí tó ti lọ fi iná ṣáájì ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Àwọn méjèèjì ló ń gba ṣájà USB-C, nítorí náà ẹ̀rọ sólà kékeré àti páwà báńkì lè bọ́ wọn. Kí ẹ rí i pé ẹnu páwà báńkì náà ń fún ni ní wáàtì 45 ó kéré tán fún ThinkPad; èyí tí kò ju wáàtì 18 lọ, fóònù ni wọ́n ṣe é fún.

Bó bá kan iṣẹ́ ilé-ìwé, ibi tí wọ́n ti yà sí ọ̀tọ̀ nìyí. Word, Excel, PowerPoint àti SPSS wà lórí méjèèjì. SolidWorks kò sí fún Mac. Ọmọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n máa ní kó fi SolidWorks yàwòrán ní ọdún kẹta, tó wá ra Air nítorí pé ó lẹ́wà, yóò padà wá máa yá ẹ̀rọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò ni.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kan sí i, nítorí mi ò rí ẹni tó ń sọ ọ́: kíkọ Yorùbá pẹ̀lú àmì. Windows ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá nínú rẹ̀, ẹ kàn máa fi kún un nínú ìtò èdè ni. Lórí Mac, èmi lo ABC Extended, ẹ ó tẹ Option mọ́ x fún àmì ìsàlẹ̀, Option mọ́ e fún àmì òkè. Ọ̀sẹ̀ kan ni ọwọ́ mi fi mọ ọ́n, lẹ́yìn ìyẹn mo yára lórí Mac ju Windows lọ. Ẹni tó ń kọ oríkì tàbí ìròyìn ní èdè wa, kó dán an wò kó tó sanwó.

Àwọn tuntun tó ní Snapdragon

Láti oṣù kẹfà ọdún 2024 ni irú wọn ti jáde dáadáa: kọ̀ǹpútà Windows tí kò lo Intel, tó ń lo Snapdragon X ti Qualcomm. Ọ̀rẹ́ mi kan mú ọ̀kan bọ̀ láti ìlú Ọba, mo gbà á fún ọjọ́ mẹ́rin, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má dá a padà. 16GB ni RAM irú wọn bẹ̀rẹ̀ láti, nítorí pé Microsoft ló là á kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún irú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Copilot+. Bó ṣe ń sáré nígbà tó wà lórí iná náà ló ń sáré nígbà tó wà lórí bátìrì, èyí tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù Intel kò lè sọ. Ó pẹ́ bíi ti Air, Windows ló sì wà lórí rẹ̀. Ó kù síbì kan.

Ìdílé ARM, tó yàtọ̀ sí ti Intel, ni chip náà ti wá. Ètò tí wọ́n kọ fún Intel máa ń gba ọwọ́ ògbifọ̀ kan tó ń jẹ́ Prism kọjá, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì máa ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ dírẹ́fà, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ẹ̀rọ tí a so mọ́ ọn sọ̀rọ̀, kò ní ògbifọ̀. Bí iléeṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín kò bá kọ dírẹ́fà tirẹ̀ fún ARM, ó lè má bá kọ̀ǹpútà náà sọ̀rọ̀. Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kan tí wọ́n ń lo ẹ̀rọ àtijọ́ kan tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo wà nílé-ìwé. Wáyà wọlé, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ní, "Ẹ̀rọ olówó ńlá yìí náà?" Mo fi fúláàṣì gbé fáìlì náà fún un lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ti gbó, ó tẹ̀ ẹ́ jáde lójú ẹsẹ̀. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà tàbí akọ̀wé tó lówó lọ́wọ́, kó rà á. Ẹni tó ń ṣe ìtẹ̀wé jẹun, kó dúró ná.

Àwọn yòókù, ní kíákíá

Tuntun olówó pọ́ọ́kú tó ní 4GB àti 64GB: ẹ sá fún un. Ohun tó kéré jù lọ tí Windows 11 lè gbà lára rẹ̀ nìyẹn gẹ́lẹ́, bí àtúnṣe Windows méjì bá sì ti wọlé, àyè ti tán. Bó bá jẹ́ dandan pé tuntun lẹ fẹ́ nínú páálí, ẹ wá èyí tó ní Intel N100 àti 8GB. Wáàtì 6 ni wọ́n dá chip yẹn fún, ó mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, bátìrì rẹ̀ sì jẹ́ tuntun, èyí tí tòkúnbọ̀ kankan kò lè fi yangàn.

Chromebook dára fún ọmọ sẹ́kọ́ńdírì àti ẹni tí dátà kì í wọ́n. Èyí tó pọ̀ lójú ọjà wa ti wá láti ilé-ìwé Amẹ́ríkà, àwọn kan ṣì so mọ́ ilé-ìwé náà: ẹ tan án, ẹ rí orúkọ ilé-ìwé kan lójú rẹ̀ tó ní kí ẹ fi orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wọlé. Ẹ dá a padà. Ẹ tún wo ọjọ́ tí àtúnṣe rẹ̀ máa parí nínú ètò rẹ̀. Google kéde ní 2023 pé àwọn máa fún wọn ní ọdún 10, ṣùgbọ́n èyí tó ti jáde tipẹ́ ti ná lára ọdún tiẹ̀.

Táblẹ́ẹ̀tì tó ní kíbọ́ọ̀dù? Mo ní ọ̀kan. Ìwé ni mo fi ń kà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Lójú ọjà gan-an

Olójú kì í lajú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ kó wọ̀ ọ́. Mi ò ní dárúkọ iye kankan, torí ohun tí wọ́n ń tà á ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá kọ́ ni wọ́n ń tà á lónìí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo béèrè, T480 ló rọjú jù, Air M1 tòkúnbọ̀ tẹ̀lé e, Snapdragon ló wà lókè pátápátá.

Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Yóò kọ ìwé kan sílẹ̀ tó máa sọ iye tí bátìrì ń gbà nígbà tó wà ní tuntun àti iye tó ń gbà báyìí. Mo ti rí bátìrì 48Wh tí kò gbà ju 19 mọ́, ẹni tó ń tà á sì ń búra pé wákàtí mẹ́fà ni. Kì í ṣe òpùrọ́ dandan, bóyá òun náà kò wò ó rí. Fún T480, ẹ fi ṣájà sí ihò USB-C méjèèjì, lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ rí i pé ó ń gbà. Àìsàn kan wà nínú ètò àtijọ́ Thunderbolt rẹ̀, èyí tó ń darí ihò USB-C, tó máa ń dí ihò náà; Lenovo ti gbé àtúnṣe jáde fún un, ṣùgbọ́n èyí tó ti kú kí wọ́n tó fi àtúnṣe sí i, iṣẹ́ oníjóòrin ni. Ẹ tún pa á, ẹ tan án, ẹ tẹ F1, kí ẹ wò ó bóyá ó máa béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé. Tó bá béèrè tí olùtajà kò sì mọ̀ ọ́n, iléeṣẹ́ tó ni í tẹ́lẹ̀ ló ṣì di kọ́kọ́rọ́ mú.

Lórí Mac, ẹ wá Cycle Count lábẹ́ Power nínú System Information. 1,000 ni Apple dá fún bátìrì Air yìí. Tó bá ti kọjá 600, ẹ fi yọ owó. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí wọ́n nu ẹ̀rọ náà mọ́ pátápátá lójú yín, kí ẹ so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá béèrè Apple Account ẹlòmíràn (Apple ID ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀), tàbí tó kọ Remote Management síbẹ̀, ìyẹn pé iléeṣẹ́ tàbí ilé-ìwé kan ṣì ń darí rẹ̀ láti ọ̀nà jínjìn, ẹ dìde. "Ẹ má bẹ̀rù, ọmọkùnrin mi lè ṣí i" ni wọ́n máa sọ. Ẹ ṣáà dìde.

Àbúrò mi wọ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, nítorí náà Air ti jáde nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ wà lára ti ẹ̀gbọ́n mi títí a fi kúrò níbẹ̀. T480 ló rà, 16GB, pẹ̀lú bátìrì ẹ̀yìn 48 tó ṣì ń gbà 41. Ìdajì owó káṣú náà ṣẹ́ kù, bàbá rẹ̀ ní kó dá a padà wálé. Láti ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń bẹ̀ mí pé kí n yá òun ní bátìrì 72 mi. Mo ní kó lọ wá tiẹ̀.